Fóòmù fífín sábẹ́ òrùlé: ìdáhùn sí ìbéèrè onílé kan ní Houston

Arábìnrin kan tí òun àti ìdílé rẹ̀ ń gbé ní ìwọ̀-oòrùn Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, kọ̀wé sí mi báyìí pé:

“Ilé ilẹ̀ ni ilé wa, ọdún 1998 ni wọ́n kọ́ ọ, ó sì fẹ̀ tó 2,000 ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin. Ẹ̀rọ amúlétutù, àwọn ọ̀pá tó ń pín afẹ́fẹ́ rẹ̀, àti ẹ̀rọ onígáàsì tó ń mú omi gbóná, òkè àjà ni gbogbo wọn wà. Òwú gíláàsì tí wọ́n tẹ́ sórí àjà ti tẹ̀ pẹlẹbẹ, owó iná sì ń wọ̀ wá lọ́rùn láti oṣù Karùn-ún títí di oṣù Kẹsàn-án. Agbaṣẹ́ṣe kan ní òun yóò fín fóòmù oníhò ṣíṣí, ínǹṣì márùn-ún ààbọ̀, sábẹ́ pákó òrùlé ní ọjọ́ kan péré. Ó ní kí a fi òwú àtijọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, pé a lè jókòó sínú yàrá wa nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ, àti pé ìjọba yóò yọ ìdá 30 nínú 100 owó náà kúrò nínú owó orí wa. Ìyá mi, tó ní àìsàn ásímà, ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta ní oṣù Kẹjọ. Lẹ́yìn ìjì Ike ọdún 2008 ni a pààrọ̀ òrùlé. Ṣé kí a fọwọ́ sí ìwé?”

Ẹ má ṣe fọwọ́ sí i bó ṣe wà yẹn. Kì í ṣe pé fóòmù kò yẹ ilé yín. Ilé tí ẹ̀rọ amúlétutù àti gbogbo ọ̀pá rẹ̀ wà ní òkè àjà, ní ìlú tí ooru àti ọ̀rinrin rẹ̀ pọ̀ tó ti Houston, wà lára àwọn ilé tí fóòmù abẹ́ òrùlé lè ṣe láǹfààní jù lọ. Ṣùgbọ́n ìdajì iṣẹ́ ni agbaṣẹ́ṣe yìí júwe fún yín, ìdajì tó sì fi sílẹ̀ gan-an ni èyí tó ń ṣọ́ ẹ̀mí yín àti igi òrùlé yín.

Ohun tí ọ̀pọ̀ onílé kì í fura sí ni pé fóòmù abẹ́ òrùlé kì í ṣe àfikún sí òwú tó wà lórí àjà. Ṣe ni ó ń yí irú ilé tí ẹ ní padà. Lónìí, àjà tí ẹ ń wò bí ẹ bá fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ibùsùn ni ààlà láàárín inú ilé àti ìta. Òkè àjà jẹ́ ìta: afẹ́fẹ́ ń gba àwọn ihò abẹ́ etí òrùlé wọlé, ó sì ń gba góńgó òrùlé jáde, bí àwọn bàbá wa ṣe máa ń fi àlàfo sílẹ̀ láàárín orí ògiri àti páànù kí ooru lè rí ọ̀nà lọ. Ní ọ̀sán oṣù Keje, ibẹ̀ lè gbóná ju 130 lọ lórí ìwọ̀n Fahrenheit, ìyẹn nǹkan bí i 54 lórí ti Celsius. Inú iná yẹn ni ọ̀pá tó gbé afẹ́fẹ́ tútù, tí kò ju nǹkan bí i 55 Fahrenheit lọ, ń gbà kọjá kó tó dé yàrá yín. Ètò ENERGY STAR ti ìjọba Amẹ́ríkà sọ pé nínú ilé tó wọ́pọ̀, nǹkan bí i ìdá 20 sí 30 nínú 100 afẹ́fẹ́ tó ń gba inú ọ̀pá kọjá ni ó ń jò dànù ní ojú ìsopọ̀ àti ojú ihò. Ní ilé yín, òkè àjà ni èyí tó bá jò ń dà sí, ibẹ̀ sì ni ẹ ti ń sanwó láti mú ìta tutù.

Bí wọ́n bá fín fóòmù sábẹ́ pákó òrùlé tí wọ́n sì dí gbogbo ihò etí àti góńgó, ààlà ilé yóò kúrò ní àjà, yóò lọ sí òrùlé. Òkè àjà yóò di ara inú ilé, ìwọ̀n ooru ibẹ̀ yóò sì sún mọ́ ti yàrá, débi pé afẹ́fẹ́ tó bá jò kúrò nínú ọ̀pá kò ní lọ fún ìta mọ́. Èrè fóòmù náà nìyẹn, kò sì kéré. Ṣùgbọ́n ohun gbogbo tí ìta ń gbà mọ́ra tẹ́lẹ̀, bí èéfín gáàsì, ọ̀rinrin àti òórùn, ti wọ ilé nìyẹn.

Fóòmù tí à ń sọ yìí, ọmọ ìyá kan náà ni pẹ̀lú èyí tó wà nínú bẹ́ẹ̀dì Vitafoam tí gbogbo wa sùn lé ní kékeré: polyurethane ni àwọn méjèèjì. Oje oríṣi méjì ni wọ́n ń fà láti inú àgbá méjì, tí wọ́n ń mú gbóná, tí wọ́n sì ń pò ní ìwọ̀n ọgbọọgba ní ẹnu ìbọn ìfínǹkan. Ọ̀kan ní èròjà tí wọ́n ń pè ní isocyanate nínú, èkejì ní polyol àti àwọn èròjà tó ń mú un wú, tó sì ń dín jíjó kù. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ó ti wú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí le. Oníhò ṣíṣí máa ń wú tó ìlọ́po 100, ó rọ̀ bí bẹ́ẹ̀dì, ó sì ń fún yín ní nǹkan bí i R-3.7 fún ínǹṣì kan (R ni ìwọ̀n agbára ohun kan láti dènà ooru; bó bá ṣe ga tó ni ó ṣe ń dènà ooru tó). Oníhò dídé kì í wú ju nǹkan bí i ìlọ́po 30 lọ, ó le gbọnrangandan, ínǹṣì kan rẹ̀ tó R-6 tàbí R-7, ó sì wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Oníhò ṣíṣí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá bí ó bá nípọn tó, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin ń gba inú rẹ̀ lọ gbà á bọ̀. Oníhò dídé ń dá méjèèjì dúró. Ẹ fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn, a óò padà sí i.

Ní ti ìṣirò rẹ̀, ínǹṣì márùn-ún ààbọ̀ ti oníhò ṣíṣí jẹ́ nǹkan bí i R-20. Ìwé òfin agbára ilé ti ọdún 2021 béèrè R-49 fún àjà ní agbègbè ojú ọjọ́ tí Houston wà, èyí tó ṣáájú rẹ̀ ní 2018 sì béèrè R-38. Agbaṣẹ́ṣe yín yóò dáhùn pé fóòmù ń dí afẹ́fẹ́, pé nítorí náà R-20 rẹ̀ dà bí R-38 ti òwú. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n R-20 ni R-20 ń jẹ́: ooru tó ń gba inú ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ kọjá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti R-38. Bákan náà, òrùlé fẹ̀ ju àjà lọ. Bí òrùlé yín bá ń gòkè ní ínǹṣì 8 nínú ínǹṣì 12, àjà 2,000 ẹsẹ̀ bàtà yóò di òrùlé 2,400, láìka àwọn ògiri onígun mẹ́ta tó wà ní ìkángun ilé. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ń gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti fín fóòmù sábẹ́ òrùlé bí kò bá sí ẹ̀rọ tàbí ọ̀pá ní òkè àjà rẹ̀. Ìfowóṣòfò ni. Ní ilé tiyín, ọ̀pá ló ń jẹ́ kí ìṣirò náà yí padà.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ẹ̀rọ omi gbígbóná, nítorí òun ni ó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù nínú ìwé yín. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ onígáàsì tó wà ní òkè àjà àwọn ilé ọdún 1998 ni ó ń fa afẹ́fẹ́ tó nílò láti jó lára òkè àjà fúnra rẹ̀, tí èéfín rẹ̀ sì ń gba páìpù irin gòkè kìkì nítorí pé ó gbóná, tí ó sì fúyẹ́. Kò sí ẹ̀rọ kankan tó ń tì í. Bí ẹ bá dí òkè àjà pa, ẹ̀rọ náà kò ní rí afẹ́fẹ́ tó pọ̀ tó mọ́, èéfín tó yẹ kó gòkè lè ṣẹ́rí padà, carbon monoxide inú rẹ̀ yóò sì máa bọ̀ wá sínú ilé. Gáàsì yìí kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun. Kí ìbọn fóòmù kankan tó gun òkè yẹn, ẹ gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ẹ̀rọ náà sí oníná, tàbí sí onígáàsì tí páìpù tirẹ̀ ń fa afẹ́fẹ́ láti ìta tààrà tí òmíràn sì ń tu èéfín síta. Bí ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná nígbà òtútù bá jẹ́ onígáàsì, ọ̀rọ̀ kan náà ló kàn án. Agbaṣẹ́ṣe tó wo òkè àjà yín, tó rí ẹ̀rọ náà, tí kò sì sọ nǹkan kan nípa rẹ̀, kò yẹ ní ẹni tí a ń fi ilé lé lọ́wọ́.

Òwú àtijọ́ ńkọ́? Ó gbọ́dọ̀ kúrò. Bí ó bá wà níbẹ̀, òkè àjà kò ní jẹ́ ìta, kò sì ní jẹ́ inú: òwú yóò ya á kúrò lára afẹ́fẹ́ tútù ilé, fóòmù yóò sì ya á kúrò lára afẹ́fẹ́ ìta, ọ̀rinrin tó bá sì kó jọ síbẹ̀ kò ní rí ẹni gbà á. Àwọn tó ń sọ pé “méjì sàn ju ọ̀kan” ń yẹra fún wàhálà kíkó òwú sọ̀ kalẹ̀ ni, nítorí iṣẹ́ eléruku ni, ó sì ń gba owó. Yàtọ̀ sí èyí, ogún ọdún ó lé ti eku ti ń ṣe ilé sínú òwú yẹn, ẹ kò sì ní fẹ́ kí òórùn rẹ̀ di ti inú ilé.

Nísinsìnyí, ọ̀rinrin. Ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn agbaṣẹ́ṣe Houston kì í fẹ́ sọ, bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ ni a ń rí àmì rẹ̀ lára ife omi tútù tí òógùn bò. Ọ̀rinrin tó ń jáde láti ibi ìdáná, ibi ìwẹ̀ àti èémí àwa fúnra wa fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ gbígbẹ lọ, nítorí náà yóò gòkè lọ kó sí góńgó òrùlé. Ní òru, pákó òrùlé ń tutù bí ó ti ń ju ooru rẹ̀ sí ojú sánmà, ọ̀rinrin yóò sì gba inú fóòmù oníhò ṣíṣí kọjá lọ bá pákó náà, igi yóò sì mu ún. Bí oòrùn bá là, yóò lé e padà wá sínú afẹ́fẹ́ òkè àjà. Bí ilẹ̀ bá ṣú, yóò tún padà lọ. Bó bá ń lọ báyìí fún ọdún mélòó kan, tí ẹnikẹ́ni kò fa ọ̀rinrin náà jáde, pákó ẹ̀gbẹ́ góńgó yóò bẹ̀rẹ̀ sí bu, yóò sì jẹrà. Ohun tó ń yanjú rẹ̀ kò ṣòro: kí wọ́n ya afẹ́fẹ́ díẹ̀ lára ẹ̀rọ amúlétutù wá sí òkè àjà, tàbí kí wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rinrin síbẹ̀, kí omi rẹ̀ sì máa ṣàn síta. Ìwọ̀n tí ìwé òfin ilé lò nínú ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tó fàyè gbà ni 50 ẹsẹ̀ bàtà kúbíìkì afẹ́fẹ́ ní ìṣẹ́jú kan fún gbogbo 1,000 ẹsẹ̀ bàtà àjà; fún ilé yín, 100 nìyẹn. Kò pọ̀ rárá, ṣùgbọ́n mi ò rí i nínú ohun tí wọ́n kọ fún yín.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ amúlétutù náà so mọ́ èyí. Ẹ̀rọ tó tóbi tó láti bá òkè àjà 130 jà yóò ti tóbi jù fún ilé tí a ti dí. Yóò máa tan, yóò mú yàrá tutù wéré, yóò sì kú kó tó fa ọ̀rinrin tó. Ẹ óò wà nínú òtútù tó ń lẹ̀ mọ́ni lára. Kí wọ́n ṣe ìṣirò tuntun fún ilé náà kí ẹ tó ra ẹ̀rọ mìíràn, kí fáànù ilé ìwẹ̀ àti ti orí sítóòfù sì máa tú afẹ́fẹ́ wọn síta gbangba, kì í ṣe sí òkè àjà. Ilé tí wọ́n ti ń sun ẹja, tí wọ́n ń fi irú se ọbẹ̀, tí wọ́n sì dí pa, kì í gbàgbé oúnjẹ àná.

Lórí pé kí ẹ jókòó sí yàrá nígbà tí iṣẹ́ ń lọ: rárá o. Isocyanate wà lára àwọn ohun tó gba iwájú nínú èyí tó ń fa ásímà fún àwọn òṣìṣẹ́, ẹni tí ara rẹ̀ bá sì ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ìwọ̀nba kékeré lè dá a dùbúlẹ̀ lẹ́yìn náà. Àwọn tó ń fín in ń wọ aṣọ tó bo gbogbo ara, wọ́n sì ń mí afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi rọ́bà fà wá láti ìta. Ènìyàn tó wà nínú yàrá nísàlẹ̀ kò ní ìkankan nínú ìwọ̀nyí. Gbogbo yín, àti ajá bí ẹ bá ní, gbọ́dọ̀ kúrò nílé. Wákàtí 24 lẹ́yìn iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fóòmù dárúkọ kí ènìyàn tó padà, bí fáànù bá ń tú afẹ́fẹ́ jáde ní gbogbo àkókò náà. Fún ẹni tó ní ásímà, èmi kì í gba wákàtí 24 gbọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán ni n óò fi sí àárín iṣẹ́ yìí àti ọjọ́ tí màmá yóò wọ ilé. Bí oje méjèèjì kò bá pò dọ́gba, tàbí tí pákó bá tutù jù, fóòmù lè máa rùn bí ẹja fún oṣù púpọ̀, tàbí kí ó sún kì kúrò lára igi. Kò sí oògùn fún irú èyí ju kí wọ́n ha á kúrò, ìyà rẹ̀ sì ju ti fífín lọ.

Fóòmù ń jó. Bí ẹ bá ń kó báàgì Ghana Must Go àti àpótí sí òkè àjà, òfin kò ní ka ibẹ̀ sí ibi tí a ń gùn kìkì láti tún ẹ̀rọ ṣe, yóò sì béèrè ohun tó bo fóòmù náà, irú èyí tó tó pákó gypsum ìdajì ínǹṣì. Bó bá jẹ́ fún àtúnṣe nìkan, ìbòrí tó fúyẹ́ ju ìyẹn tàbí ọ̀dà tó ń dá iná dúró lè tó. Àwọn fóòmù kan wà tí wọ́n ti dán wò tí wọn kò nílò ọ̀dà náà, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi ìwé àyẹ̀wò ti fóòmù tí wọ́n fẹ́ lò gan-an hàn yín.

Òrùlé yín ni ìdí tí mo fi sọ pé kí ẹ sún iṣẹ́ yìí síwájú. Shingle, ìyẹn àwọn ohun pẹlẹbẹ tí wọ́n fi bo òrùlé, tí wọ́n kàn ní 2008 ti dàgbà, ó sì ti rí ìjì Beryl ti oṣù Keje ọdún 2024. Bí ó bá ń jò níbì kan, fóòmù oníhò ṣíṣí yóò mu omi náà bí bẹ́ẹ̀dì kí ó tó kán sí yàrá, oníhò dídé yóò sì fi í pamọ́ pátápátá títí pákó yóò fi rà. Kò sí ọgbọ́n nínú kí a lẹ ohun tí kò ṣeé ká mọ́ abẹ́ òrùlé tí a máa pààrọ̀ láìpẹ́. Ìgbà tí wọ́n bá ṣí òrùlé ni ó yẹ kí wọ́n wo pákó, kí wọ́n pààrọ̀ èyí tó ti bàjẹ́, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ wọn ọ̀rinrin igi. Bó bá ju ìdá 19 nínú 100 lọ, kí ẹnikẹ́ni má fín nǹkan kan sí i. Ní Bìrìtìkó, níbi tí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín lè ti fẹ́ fara wé yín, ọ̀rọ̀ òrùlé tí fóòmù bò mọ́lẹ̀ ti di àríyànjiyàn ńlá: àwọn báńkì kan kọ̀ láti yáni lówó lórí irú ilé bẹ́ẹ̀ nítorí pé olùṣàyẹ̀wò kò lè rí igi, àwọn onílé sì ń sanwó láti yọ ohun tí wọ́n sanwó láti fi sí i. Kí wọ́n má fi ti Texas ṣe àwòkọ́ṣe.

Ẹ̀dínwó owó orí tí agbaṣẹ́ṣe yín fi ń fà yín mọ́ra kò sí mọ́. Ìdá 30 nínú 100 tó wà fún ohun ìdènà ooru, tí kò lè ju $1,200 lọ lọ́dún, tí owó iṣẹ́ ọwọ́ kò sì sí nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, parí fún iṣẹ́ tó bá kọjá ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2025, nípa òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún yẹn.

Ohun tí n óò ṣe bí ilé náà bá jẹ́ tèmi ni pé, ní báyìí, kí màmá tó dé, n óò gba ẹni tí yóò kó òwú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí yóò dí gbogbo ihò tí wáyà àti páìpù gbà wọ orí ògiri, ẹ̀gbẹ́ iná àjà àti ẹnu ọ̀nà òkè àjà. Fóòmù inú agolo kékeré tó fún èyí, ṣùgbọ́n kì í ṣe lẹ́bàá páìpù èéfín gáàsì. Irin pẹlẹbẹ àti àtè tí kì í jó ni wọ́n ń lò níbẹ̀, ohun ìdènà ooru kò sì gbọdọ̀ kan páìpù náà. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kun mastic, àtè kíki kan, sí gbogbo ojú ìsopọ̀ ọ̀pá afẹ́fẹ́. Téèpù aláṣọ tí a ń rà ní ṣọ́ọ̀bù yóò gbẹ, yóò sì ṣí nínú ooru yẹn. Kí wọ́n wá fẹ́ cellulose (bébà àlòkù tí wọ́n lọ̀ di ohun ìdènà ooru) tàbí òwú gíláàsì tuntun lé e lórí. Ínǹṣì 11 cellulose ń súnmọ́ R-38, ínǹṣì 14 ń súnmọ́ R-49, bí wọ́n bá sáà ti fi ìdènà sí etí òrùlé kí ihò afẹ́fẹ́ má bàa dí. Owó rẹ̀ kéré sí ti fóòmù gidigidi, kò sì sí ohun tí yóò ní kí màmá má lè mí. Ẹ gbé ẹ̀rọ tó ń kígbe bí carbon monoxide bá wà nínú afẹ́fẹ́ sí ẹ̀bá yàrá ìbùsùn lọ́sẹ̀ yìí, yálà ẹ ṣe èyí tó kù tàbí ẹ kò ṣe é.

Nígbà tí ó bá tó àsìkò òrùlé tuntun, bí owó bá wà fún ẹ̀rọ omi gbígbóná tuntun pẹ̀lú rẹ̀, ẹ pe àwọn onífóòmù mẹ́ta. Ẹ wo ẹni tí yóò kọ́kọ́ béèrè irú ẹ̀rọ onígáàsì tó wà ní òkè àjà kó tó dá owó lé iṣẹ́, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìwé àdéhùn pé òun yóò kó òwú àtijọ́, pé òun yóò dí etí àti góńgó, bí ọ̀rinrin yóò ṣe máa jáde, iye ínǹṣì tí ilé iṣẹ́ tó ṣe fóòmù fàyè gbà lẹ́ẹ̀kan fífín, àti ọjọ́ tí ẹ lè padà sílé.